ÈDÈ YORÙBÁ NÍ ÌLÚ BÌNÍ: ÌTÀN RẸ̀ ÀTI IṢẸ́ TÍ Ó Ń ṢE

   

Àwọn olóyè ẹgbẹ́ wa ni wọ́n ní kí àwa oníṣòwò kọ nǹkan sínú ìwé ìrántí yìí lórí ìtàn èdè wa ní ìlú yìí. Ìwé mẹ́fà ni a kà, a kì í ṣe ọ̀mọ̀wé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti pẹ́ nídìí ọjà mọ iṣẹ́ tí èdè ń ṣe, nítorí ẹnu ni a fi ń tà á. Bí ẹnu kò bá dùn, ọjà a sùn sílé.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni a ní láti sọ. Èdè dà bí ọkọ́. Ọkọ́ tí a fi ń roko lójoojúmọ́ a máa dán. Èyí tí a gbé sórí àjà a máa dípẹtà. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ̀ bóyá èdè kan yóò pẹ́ ní ibì kan, kí ó má ṣe béèrè iye ènìyàn tí ó fẹ́ràn rẹ̀. Kí ó béèrè iṣẹ́ tí ó ń ṣe fún wọn.

ỌWỌ́ MI KÁ A

Olóògbé Jacob Egharevba ni òpìtàn Bìní tí orúkọ rẹ̀ kàn jù lọ. Ìdànrè, ní ilẹ̀ Yorùbá, ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1893. Síbẹ̀ èdè Ẹ̀dó ni ó kọ́kọ́ fi kọ ìwé ìtàn rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1933, kí ó tó wá yí i sí èdè Gẹ̀ẹ́sì. Orúkọ tí ó sọ ìwé náà ni Ekhere vb'Itan Edo. Àwa kò nílò ògbufọ̀ kankan láti mọ ohun tí Itan jẹ́.

Inú ìtàn tí Egharevba kọ sílẹ̀ ni a ti rí bí Ọ̀rànmíyàn ṣe ti Ilé-Ifẹ̀ wá sí ìlú yìí. Nígbà tí ọ̀ràn ìlú náà sú u, ó pè é ní Ilẹ̀ Ìbínú. Ó ní ọmọ tí wọ́n bá bí sí ilẹ̀ náà, tí wọ́n tọ́ dàgbà níbẹ̀, tí ó sì mọ àṣà àti awo ilẹ̀ náà, òun nìkan ni ó lè jọba lé wọn lórí. Ó fi ọmọ sílẹ̀ fún Erinmwinde, ọmọ Ẹnogie ìlú Egor, ó sì padà sílé.

Ọmọ náà dàgbà, kò sọ̀rọ̀. Wọ́n ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀ ní Ifẹ̀, ó sì fi ọmọ ayò ránṣẹ́ sí i kí ó máa fi ṣeré. Ní ọjọ́ kan tí òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ta á, ó ta tirẹ̀, ó bà, inú rẹ̀ dùn, ó sì pariwo pé, “Owomika!” Láti inú ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n ti fa orúkọ Ẹwẹka yọ, ẹni tí a kà sí Ọba kìíní nínú ìran tí ó wà lórí oyè di òní. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Yorùbá, ẹ tún ọ̀rọ̀ náà pè lẹ́ẹ̀kan sí i: “Ọwọ́ mi ká a.”

Àwọn onílé wa ní ọ̀nà mìíràn tí wọ́n gbà ń sọ ìtàn Ifẹ̀ àti Bìní. Wọ́n ní Ekaladerhan, ọmọ Bìní, ni ó lọ sí Ifẹ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn ọba ni èyí. Àlejò kì í dá ẹjọ́ onílé. Ohun tí ó kàn wá níhìn-ín ni pé ìtàn méjèèjì fi wá hàn bí ẹbí.

ÈDÈ ÀÀFIN ÀTI ÈDÈ ILÉ ÌDÁNÁ

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Bí ó bá jẹ́ pé ọmọ Ifẹ̀ ni bàbá Ẹwẹka lóòótọ́, kí ló dé tí ìlú Bìní kò fi sọ Yorùbá? Ìdáhùn rẹ̀ kò le. Ìyá Ẹwẹka ni ó tọ́ ọ. Èdè tí ìyá fi pe ọmọ wá jẹun, tí aládùúgbò fi bá a wí, tí ẹgbẹ́ rẹ̀ fi bá a ṣeré, Ẹ̀dó ni.

Ẹ tún yí i padà, kí ẹ lọ sí Èkó. Èdè Ẹ̀dó ni àwọn òpìtàn sọ pé orúkọ Èkó ti wá, ibùdó ni ó túmọ̀ sí. Ìdílé ọba Èkó sì tan mọ́ Bìní. Ṣùgbọ́n Yorùbá ni wọ́n ń sọ ní Ìsàlẹ̀ Èkó, nítorí Yorùbá ni wọ́n fi ń ta ẹja níbẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni Wárì. Ginuwa, ọmọ ọba Bìní, ni ó lọ di ọba àkọ́kọ́ fún àwọn Ìtsẹ̀kírì. Síbẹ̀ èdè Ìtsẹ̀kírì kò sún mọ́ Ẹ̀dó tó bí ó ṣe sún mọ́ Yorùbá. Bí Ìtsẹ̀kírì kan bá ń ka owó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, a kì í ṣì í gbọ́ púpọ̀.

Ibi mẹ́ta ni èyí, ẹ̀kọ́ kan náà ni. Kì í ṣe èdè tí ó bá gun ẹṣin wọ ìlú ni í borí. Èdè tí ó bá ń ṣe iṣẹ́ ilé ìdáná, iṣẹ́ oko àti iṣẹ́ ọjà ni í kẹ́yìn ogun.

ÌKÍNI NI WỌ́N FI SỌ WÁ LÓRÚKỌ

Nínú gbogbo iṣẹ́ tí Yorùbá ń ṣe, èyí tí àwọn àjèjì kọ́kọ́ ń rí ni ìkíni. Ó hàn nínú orúkọ tí wọ́n sọ wá. Nígbà tí wọ́n gba àwọn ẹrú wa sílẹ̀ lórí òkun tí wọ́n sì kó wọn lọ sí Freetown ní Sàró, Akú ni wọ́n pè wọ́n, nítorí “ẹ kú” ni wọ́n ń gbọ́ lẹ́nu wọn láti òwúrọ̀ di alẹ́. Àwọn tí wọ́n kó lọ sí Kúbà ni wọ́n pè ní Lukumí. Ọ̀pọ̀ sọ pé “olùkù mi”, ọ̀rẹ́ mi, ni ó bí orúkọ náà. Àwọn ará wa ní apá Kàbà àti Yàgbà ń jẹ́ Ọ̀kun nítorí bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn. Àwa fúnra wa ń fi ìkíni òwúrọ̀ pe ara wa ní ọmọ Káàárọ̀-o-ò-jíire.

Kí ni ìkíni ń ṣe? Ẹni tí ó bá sọ pé “Ẹ kú ìjókòó” fún ẹni tí ó jókòó, kò sọ ìròyìn kankan fún un. Onítọ̀hún mọ̀ pé òun jókòó. Ẹni tí ó sọ pé “Ẹ kú oòrùn” kò lé oòrùn lọ. Ohun tí ó ń sọ ni pé: mo rí ọ, ọ̀rọ̀ rẹ kàn mí, kò sí ìjà láàárín wa.

Ọkùnrin kan láti ilẹ̀ Pólàńdì, Bronisław Malinowski, tí ó di olùkọ́ àgbà ní Lọ́ńdọ̀nù, sọ ọ̀rọ̀ yìí di ẹ̀kọ́ ìwé. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní ó gbé láàárín àwọn apẹja ní erékùṣù Trobriand, lẹ́bàá New Guinea. Ó rí i pé ìwé atúmọ̀ èdè nìkan kò lè jẹ́ kí òun gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn. Àfi ìgbà tí ó bá wo iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe lọ́wọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ náà ni yóò tó yé e. Ní ọdún 1923 ó kọ ọ́ sínú ìwé pé irinṣẹ́ ni èdè jẹ́ kí ó tó di ohun tí a fi ń ronú, àti pé ìkíni àti ọ̀rọ̀ ṣákálá kò wà fún ìròyìn, okùn tí a fi ń so ènìyàn pọ̀ ni. Àwọn bàbá wa kò kọ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ ọ́n. Ta ni kò mọ̀ pé ẹni tí ó kọjá lára wa láìkí wa ti sọ ọ̀rọ̀ ńlá?

Àwọn onílé wa náà mọ̀ ọ́n. Ní Bìní, ìdílé kọ̀ọ̀kan ni ó ní ìkíni òwúrọ̀ tirẹ̀ tí ọmọ fi ń kí òbí. Lamogun ni ti ìdílé Ọba. Láti ẹnu ọmọ ní òwúrọ̀ ni wọ́n ti ń mọ orírun rẹ̀. Àwa oníṣòwò tí a bá Bìní gbé kì í fi eré kọ́ “Kóyo” àti “Ob'owie”. Oníbàárà tí a bá fi èdè rẹ̀ kí, bí kò tilẹ̀ ra ọjà lónìí, yóò padà wá lọ́la.

IṢẸ́ MÉJE TÍ ỌMỌDÉ FI ÈDÈ ṢE

Lẹ́yìn Malinowski ni ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, M. A. K. Halliday, tẹ̀ síwájú lórí ọ̀nà yìí. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò jìnnà sí wa. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé, ọmọ Yorùbá tí ó kẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Edinburgh, lo ìlànà Halliday láti fi tú gírámà èdè wa wò nínú ìwé rẹ̀, A Grammar of Yoruba, tí ó jáde ní ọdún 1966. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n lọ sí yunifásítì mọ ìwé náà.

Halliday ṣọ́ ọmọ ara rẹ̀ láti ìgbà tí ọmọ náà kò tíì mọ ọ̀rọ̀ kankan pè dáadáa. Ó kọ ohun tí ó rí sínú ìwé kan ní ọdún 1975. Ó ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ ni ọmọ kọ́kọ́ ń kọ́ bí kò ṣe iṣẹ́ tí ó lè fi ohùn ṣe. Ó ka iṣẹ́ náà sí méje. Ẹ jẹ́ kí a fi Yorùbá sọ wọ́n:

Èkíní, kí ọmọ fi tọrọ nǹkan: “Fún mi.”
Èkejì, kí ó fi darí ẹlòmíràn: “Gbé mi.” “Má lọ.”
Ẹ̀kẹta, kí ó fi bá ènìyàn ṣe pọ̀: “Ẹ káàárọ̀, mà.”
Ẹ̀kẹrin, kí ó fi sọ ti inú ara rẹ̀: “Èmi kò fẹ́.” “Ó dùn mọ́ mi.”
Ẹ̀karùn-ún, kí ó fi wádìí: “Kí nìyẹn?” “Kí ló dé?”
Ẹ̀kẹfà, kí ó fi ṣe eré àti àlá: “Ààlọ́ o!”
Èkeje, kí ó fi ròyìn fún ẹni tí kò sí níbẹ̀: “Ẹ gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilé ìwé.”

Ọmọ tí ó bá ń fi èdè kan ṣe méjèèje ti jogún èdè náà. Èyí tí ó bá ń fi ṣe méjì péré, àlejò ni ó jẹ́ nínú rẹ̀.

ÌRÌN ÀJÒ ÈDÈ WA NÍ BÌNÍ

Ẹ jẹ́ kí a fi òṣùwọ̀n yìí wọn ara wa. Lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Bìní ní oṣù kejì ọdún 1897, tí wọ́n sì kó Ọba Ovọnramwẹn lọ sí Kàlàbá, ọ̀nà ṣí fún oríṣiríṣi ènìyàn. Lára wọn ni àwọn Yorùbá oníṣòwò, akọ̀wé, olùkọ́, alágbẹ̀dẹ wúrà, télọ̀ àti oníṣẹ́ ìjọ. Títí di ọdún 1963, abẹ́ ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn tí olú-ìlú rẹ̀ wà ní Ìbàdàn ni Bìní wà. Ẹni tí ó bá ní ọ̀ràn ní ọ́fíìsì ìjọba lè nílò ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá.

Ní ọjọ́ 13 oṣù keje ọdún 1963 ni àwọn ará ibí dìbò pé àwọn fẹ́ ìjọba tiwọn, wọ́n sì gbà á ní ọjọ́ 9 oṣù kẹjọ ọdún náà. Ó di Bendel ní ọdún 1976, ó di Ìpínlẹ̀ Ẹdo ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 1991. Ohun tí ó tọ́ sí wọn ni wọ́n gbà, a sì bá wọn yọ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, iṣẹ́ tí Yorùbá lè ṣe ní ilé ìjọba níhìn-ín ti tán. Iṣẹ́ tí ó kù fún un ni ti ilé, ti ìsọ̀, ti ìjọ, ti mọ́ṣáláṣí àti ti ìpàdé ẹgbẹ́.

Ẹ wá wo ìsọ̀ wa. Ẹ̀dó ni a fi ń kí oníbàárà, Pijin ni a fi ń ná ọjà, Yorùbá ni a fi ń ka owó. Èdè mẹ́ta, iṣẹ́ mẹ́ta, kò sí ìjà. Nígbà tí oníṣòwò ẹlẹgbẹ́ wa láti Ìbàdàn tàbí Oǹdó bá dé, Yorùbá ni a fi ń gbà á ní àwìn, nítorí àwìn kò ní ìwé; ohùn ni ẹ̀rí rẹ̀.

Inú ilé ni ọ̀rọ̀ wà. Ní ọ̀pọ̀ ilé Yorùbá ní ìlú yìí, láti Ugbowo dé Ọ̀nà Sakponba, òbí ṣì ń fi Yorùbá pàṣẹ: “Lọ wẹ̀.” “Wá jẹun.” “Ṣé o ya wèrè ni?” Ọmọ gbọ́, ó sì lọ. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi ń dáhùn. Nígbà tí ó bá fẹ́ mọ ìdí tí òṣùpá fi ń tẹ̀ lé ọkọ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi ń béèrè. Àlọ́ ti bọ́ sọ́wọ́ tẹlifíṣọ̀n àti fóònù. Ìròyìn ilé ìwé, Gẹ̀ẹ́sì àti Pijin ni. Bí ẹ bá kà á, ẹ ó rí i pé nínú iṣẹ́ méje, Yorùbá kò ní ju méjì lọ lọ́wọ́ ọmọ náà, èyí tí ó sì pọ̀ jù níbẹ̀ ni pé kí ó gbọ́ àṣẹ àti èébú. Èdè tí ọmọ mọ̀ sí èdè ìbáwí, báwo ni yóò ṣe wù ú láti fi bá ọmọ tirẹ̀ sọ̀rọ̀?

Ohun mìíràn sì ń bọ́ lọ pẹ̀lú rẹ̀. “O” àti “ẹ” ni a fi ń ya ọmọdé sọ́tọ̀ kúrò lára àgbà. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, “you” kan náà ni ti bàbá àgbà àti ti ajá. Bí ọmọ bá pàdánù “ẹ”, ẹ máa kọ́ ọ ní ìwà títí, kò ní ohun tí yóò fi gbé ìwà náà jáde ní ẹnu.

UGBODU ÀTI KÚBÀ

Àwọn kan lè sọ pé ẹni tí ó bá ti kúrò nílé, èdè rẹ̀ gbọ́dọ̀ kú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kọjá Agbor, ní Aniocha North ní Ìpínlẹ̀ Delta, ìlú kan wà tí ń jẹ́ Ugbodu. Ìtàn wọn sọ pé láti ilẹ̀ Yorùbá ni àwọn baba wọn ti ṣí gba Bìní kọjá. Ó ti tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Àwọn tí ó yí wọn ká ń sọ èdè Ìgbò, àwọn náà sì gbọ́ ọ, wọ́n ń fi ná ọjà. Ṣùgbọ́n nínú ilé, Olùkùmi ni wọ́n ń sọ, ọmọ ìyá Yorùbá. Wọn kò ní ìjọba tí ó ràn wọ́n lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ni Bíbélì tí Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ parí ní Yorùbá ní ọdún 1884 kì í ṣe ní èdè tiwọn gan-an. Ohun tí wọ́n ní kò ju pé wọn kò gba iṣẹ́ ilé lọ́wọ́ èdè wọn.

Ẹ wo Kúbà ní apá kejì. Àwọn tí wọ́n wà níbẹ̀ fẹ́ràn Yorùbá tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń bọ Ṣàngó àti Ọ̀ṣun pẹ̀lú rẹ̀ di òní. Wọ́n ń ké e, wọ́n ń fi kọrin, wọ́n ń fi ṣe ètùtù. Ṣùgbọ́n Spáníìṣì ni wọ́n fi ń ra búrẹ́dì. Iṣẹ́ ojúbọ nìkan ni ó kù fún Lukumí, nítorí náà kò sí ọmọ tí a fi rẹ̀. Ní Freetown bákan náà, Kírìó ni ó gba ilé. Ibi tí Yorùbá ṣì ti ń jáde ni ibi tí a kò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀: “kushɛ” ni wọ́n fi ń kí ara wọn, láti inú “ẹ kú iṣẹ́”, “awujoh” ni wọ́n ń pe àsè tí wọ́n ń ṣe fún àwọn òkú ọ̀run, “komojade” sì ni ìkómọ.

Ọ̀nà méjèèjì yìí ni ó wà níwájú àwa tí a wà ní Bìní. Bí Yorùbá bá di èdè alága ìdúró àti alága ìjókòó nìkan, tí a ń gbé jáde ní ọjọ́ ìgbéyàwó bí aṣọ òkè tí a sì ń ká sínú àpótí ní ọjọ́ Ajé, ọ̀nà Kúbà ni a gbà yẹn. Aṣọ òkè dára, ṣùgbọ́n a kì í wọ̀ ọ́ roko.

OHUN TÍ GBỌ̀NGÀN YÌÍ YÓÒ ṢE

Ìdí nìyí tí a fi ń rọ gbogbo yín kí ẹ ná owó yín tayọ̀tayọ̀ sí gbọ̀ngàn tí a fẹ́ kọ́. Kì í ṣe ilé àríyá nìkan. Kí ó jẹ́ ibi tí àwọn ọmọ wa yóò ti máa fi Yorùbá ṣe iṣẹ́ tí ó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀: kí wọ́n máa pa àlọ́, kí wọ́n máa ta ayò, kí wọ́n máa béèrè ìbéèrè lọ́wọ́ àgbà, kí wọ́n máa ka ìwé, kí wọ́n máa ṣe ìṣirò. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe bẹ̀rù pé yóò ba Gẹ̀ẹ́sì wọn jẹ́. Ní ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Nígbà tí wọ́n wọn wọ́n wò, àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn sí ẹgbẹ́ wọn. Wọ́n yọ wọ́n sílẹ̀, àti nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

Kí a tó parí, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ọ̀rọ̀ wa bí ẹni pé a fẹ́ kí ọmọ wa kẹ̀yìn sí Ẹ̀dó. Ọmọ tí a bí sí Bìní tí kò lè kí onílé rẹ̀ ní Ẹ̀dó kò mọ ilé tí ó ń gbé. Kí wọ́n gbọ́ ọ, kí wọ́n fi ṣòwò, kí wọ́n fi gbẹ́yàwó. Èdè kì í lé èdè jáde bí oníkálukú bá ní iṣẹ́ lọ́wọ́. Ìdarí ilé nìkan ni a ń tọrọ fún Yorùbá.

Èyí kò gba owó. Ní alẹ́ òní, bí ẹ bá délé tí ọmọ bá fi Gẹ̀ẹ́sì béèrè pé kí ni ẹ jẹ bọ̀ níbi ìnáwó, ẹ fi Yorùbá dá a lóhùn, kí ẹ sì fi sùúrù dúró de ìdáhùn tirẹ̀ ní Yorùbá. Kí ẹ má ṣe fi àṣìsọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ẹwẹka náà pẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀. Eré ni ó la ẹnu rẹ̀.

   Ọmọ wa yóò kí wa, a ó sì jẹ́ ẹ.